Júpítà Kó Bá Màmá Mi

Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, mo yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù tí màmá mi ti ń ta ẹja yìnyín. Mo fi ọ̀bẹ yí ìdè abẹ́ síkéèlì wọn, títí abẹ́rẹ́ tó yẹ kó wà lórí òdo fi sún dé gíráàmù 250. Mi ò kì í ṣe olè o. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni mo pe ara mi.

Lọ́jọ́ náà, pílánẹ́ẹ̀tì márùn-ún máa tò sí ìhà kan náà pẹ̀lú Oòrùn àti Òṣùpá. Àwọn kan ní ayé máa parẹ́. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín: ayé kọ́, ìwọ̀n ẹja ló máa dín kù! Júpítà nìkan wúwo ju ayé wa lọ ní ìlọ́po 318. Bí òòfà gbogbo wọn bá pawọ́ pọ̀ fà wá sókè, ṣebí Màmá á kàn máa da ẹja lé ẹja kí abẹ́rẹ́ tó dé kílò kan ni. Ṣé kí n wá máa wo gbèsè níran?

Nígbà tí mo ti iléèwé dé, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà. Oníbàárà kan ti gbé ẹja Titus kílò kan lọ sórí síkéèlì alápatà: gíráàmù 750.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ti ń rẹ́ wa jẹ látọjọ́ yìí, Ìyá Bọ́lá?"

Màmá, tí kì í tajà láìṣe èènì, ń búra. Mo dọ̀bálẹ̀. "Màmá, Júpítà ni..."

"Ọmọ ta ni Júpítà? Lọ pè é wá!"

Jíjìnnà ni mi ò ṣírò. Òṣùpá fà wá ju Júpítà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 90, kódà nígbà tí Júpítà bá sún mọ́ wa jù lọ. Lọ́jọ́ yẹn sì rèé, ẹ̀yìn Oòrùn ló wà lọ́hùn-ún. Oòrùn fúnra rẹ̀, tí òòfà rẹ̀ ju tiwọn lọ fíìfíì, kì í sọ ẹja di fúyẹ́fúyẹ́ lọ́sàn-án, torí bó ṣe ń fa ẹja ló ń fa síkéèlì, ẹlẹ́ja àti ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé.

Ìgbà tó yá ni mo kà pé lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 1976, Patrick Moore, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, sọ lórí rédíò BBC pé Plútò máa gba ẹ̀yìn Júpítà kọjá láago 9:47 àárọ̀, kí àwọn èèyàn fò sókè, ara wọn á fúyẹ́. Àwọn kan tẹ BBC láago pé lóòótọ́ làwọn léfòó. Ẹ̀fẹ̀ ni tiẹ̀. Èmi, abọ́ ẹja ni mo rù lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn láti ojúlé dé ojúlé, tí mò ń san gíráàmù 250 padà. Bàbá kan tí kò tilẹ̀ rajà gba ẹja méjì, ó ní kí n bá òun kí Júpítà.