Àrọ́bá Tó Bí Baba Rẹ̀

Àwọn àgbà ní ọmọdé tí kò bá ìtàn yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá ni baba ìtàn. Òwe náà bọ̀wọ̀ fún ẹnu àgbà: ohun tí ojú ọmọ kò tó, etí rẹ̀ á tó o, nítorí ẹni tó rí i ló sọ fún ẹni tó sọ fún un. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan wà nínú òwe yìí tí a kì í kíyè sí: pé ẹnì kan, níbì kan, ti rí nǹkan kí ó tó la ẹnu. Bí kò bá sẹ́ni tó rí nǹkan kan, tí gbogbo wa kàn ń gbọ́ ọ lẹ́nu ara wa, a jẹ́ pé àrọ́bá kò bí ìtàn kankan. Òun gan-an ló ń wá baba kiri. Ẹni tó bá fẹ́ rí irú ọmọ tó ń wá baba bẹ́ẹ̀, kó lọ sí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, láàárín Ibafo àti Mowe, nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá wọlé. Pátákó ìkìlọ̀ á yọ, oníwàásù á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní gáréèjì, rédíò á máa ké pé oṣù ẹ́ḿbà ti dé, oṣù tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí di ọdún tuntun, kò tún sí táyà tó bẹ́ fúnra rẹ̀, kò sí bíréèkì tó kọ̀ láti mú: ẹ́ḿbà ló ṣe gbogbo rẹ̀.

Kí ni ẹ́ḿbà? Ìrù ọ̀rọ̀ ni. A gé e kúrò lẹ́yìn orúkọ oṣù òyìnbó, bí ẹni tó gé ìrù màlúù tó wá ń bú ìrù náà pé ó kan òun. Àwọn ará Róòmù ló sọ oṣù wọ̀nyí lórúkọ nígbà tí ọdún wọn ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, orúkọ ọ̀hún kò sì ju òǹkà lọ: September ni ìkeje, October ìkẹjọ, November ìkẹsàn-án, December ìkẹwàá. Nígbà tí wọ́n gbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lọ sí oṣù kìíní, òǹkà jókòó síbi tó wà, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí oṣù kejìlá fi ń jẹ́ ìkẹwàá títí dòní. Bí ìkẹwàá bá ń mu ẹ̀jẹ̀, kí àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifo yáa ṣọ́ra, nítorí ojoojúmọ́ làwọn ọmọ ń ka ení dé ẹ̀wá lójú wọn. October kò tilẹ̀ ní ẹ́ḿbà nínú, "óbà" ló ní, síbẹ̀ a kó o mọ́ àwọn apààyàn bí ẹni tí wọ́n bá níbi tí olè dúró sí. Ẹ pe oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní orúkọ tí Yorùbá ń pè wọ́n, Ọ̀wẹwẹ̀, Ọ̀wàrà, Bélú, Ọ̀pẹ, kí ẹ sì wá ẹ̀jẹ̀ náà tì. Ó jọ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni iwin ọ̀hún gbọ́.

Iwin náà á tiẹ̀ ti jìyà. Kàlẹ́ńdà tí Julius Caesar tún ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 45 ṣáájú ìbí Jésù. Ní 1582, Póòpù Gregory Kẹtàlá yọ ọjọ́ mẹ́wàá dànù kí òǹkà ọjọ́ lè bá oòrùn mu: ẹni tó sùn ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ní Róòmù, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ló jí sí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fàáké kọ́rí títí di 1752. Ọdún yẹn ni wọ́n yọ ọjọ́ mọ́kànlá tiwọn, ọdún yẹn náà sì ni òfin wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni ọdún ń bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni. Ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ni a ti gba kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri wa. Ta ló wá ń kọ lẹ́tà sí ẹ̀mí òpin ọdún nígbà gbogbo tí òpin bá ti sún? Ní tiwa, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe ayẹyẹ àti ìgbà: ọdún. Ọdún Agẹmọ ti àwọn Ìjẹ̀bú ló fún oṣù keje lórúkọ. Ọdún Ifá ni wọ́n ń ṣe ní Òkè Ìtasẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lóṣù kẹfà. Bí ẹnì kan bá sọ látijọ́ pé ọdún ń lọ sópin, ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé ọdún ta ni.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ kò sàn jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni Yorùbá ń lò, a sì ń pè é ní márùn-ún nídìí ọjà nítorí a máa ń ka òní mọ́ ọn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje dé, a sọ ọjọ́ lórúkọ, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù orúkọ tí a fẹnu ara wa sọ. Wọ́n ní Ẹtì kò dára fún ìrìn àjò, torí pé nǹkan á tì. Wọ́n ní a kì í dá nǹkan ńlá sílẹ̀ ní Àbámẹ́ta. Bí orúkọ bá ń ro ọjọ́ báyìí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kú ní ọjọ́ Àìkú, kí àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ṣúárì lè rí ọjọ́ fi sinmi; gbogbo àwọn tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Ajé ní Ibafo láti lọ jà sọ́kọ̀ Èkó ì bá sì ti di olówó tipẹ́. Ẹtì kan náà ni Jímọ̀ fún Mùsùlùmí, ọjọ́ tó lọ́lá jù lọ́sẹ̀, tí wọ́n fi ń sọ ọmọ lórúkọ. Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ni Ìjọ Rìdíìmù ń ṣe ìsìn Ẹ̀mí Mímọ́ mọ́jú ní ìlú wọn ní Mowe. Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ ni ti Ìjọ Òkè Iná ní Ìlú Àdúrà wọn lẹ́bàá Ibafo. Ọjọ́ méjèèjì tí àrọ́bá ní ká má rìn ni èrò ń ya bí omi lójú ọ̀nà yìí, ìbùkún ni wọ́n sì ní wọ́n lọ gbà. Kàlẹ́ńdà Gregory pàápàá, tí gbogbo ayé ń lò, ọjọ́ Ẹtì ló bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì tì.

Kì í ṣe àrùn Yorùbá nìkan. Ní Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà, Ẹtì tó bá bọ́ sí ọjọ́ kẹtàlá ni wọ́n ń sá fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Póòpù Kẹtàlá ló fún wọn ní kàlẹ́ńdà. Ní Sípéènì àti Gíríìsì, Ìṣẹ́gun tó bọ́ sí ẹ̀tàlá ni. Ní Ítálì, ẹ̀tàdínlógún ló ń já wọn láyà, òǹkà kan náà tí àwọn ìyá wa fi ń pe ìpàdé ìtàdógún. Ẹ bi òyìnbó ní orísun ẹ̀rù rẹ̀, á ní ọjọ́ Ẹtì 13 oṣù kẹwàá 1307 ni ọba Faransé kó àwọn jagunjagun onísìn tí wọ́n ń pè ní Templar. Òótọ́ ni pé ó kó wọn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rúndún tó kọjá yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so ó mọ́ ẹ̀rù ọ̀hún. Ẹ̀rù ti dàgbà tán kí wọ́n tó lọ yá baba fún un. Àwa náà kò gbẹ́yìn. A ní kí ọmọdé má gbálẹ̀ lóru, kó má jókòó sórí odó. Lónìí, ọ̀mọ̀wé á dìde, á ní ọgbọ́n ni àwọn baba wa fi ṣe é: kí wọ́n má baà gbá ohun iyebíye dànù nínú òkùnkùn ni, nítorí ìmọ́tótó iyán ni. Ó dùn ún gbọ́, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló bá baba náà jókòó lọ́jọ́ tó ṣòfin? Èyí náà àrọ́bá ni, kóòtù àti táì ló wọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò lè fi í búra.

Ká lọ síbi tí ìwé wà. Ìsìn àìsùn tí a fi ń gba ọdún tuntun ní ẹni tó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń wa èédú ní Kingswood, lẹ́bàá Bristol, ilé ọtí ni wọ́n ti ń lo alẹ́ Àbámẹ́ta mọ́jú tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n di onígbàgbọ́, wọ́n fi òru gbàdúrà. Ó wu John Wesley, olórí àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ó sì gbé e lọ sí London ní 1742. Oṣooṣù ni wọ́n ń ṣe é, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, alẹ́ Ẹtì tó bá sì sún mọ́ ìgbà tí òṣùpá kún jù lọ ni Wesley yàn. Kí nìdí? Kí àwọn tí ilé wọn jìn lè rí ìmọ́lẹ̀ rìn délé. Ọkùnrin tó fẹ́ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ mọ́jú kọ́kọ́ wo ojú ọ̀nà. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1842, Thomas Birch Freeman gbé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Àgbádárìgì lóṣù kẹsàn-án, ó sì dé Abẹ́òkúta lóṣù kejìlá, inú ẹ́ḿbà gan-an lọ́nà méjèèjì. Ní òpin ọdún 1862, àwọn ẹni dúdú ní Amẹ́ríkà ṣe àìsùn tiwọn, wọ́n ń retí kí ilẹ̀ mọ́ kí Lincoln fọwọ́ sí ìwé òmìnira: wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Àwa gba òru lọ́wọ́ wọn, a gba Ẹtì, a gba àdúrà. Òṣùpá nìkan ló já bọ́ lọ́nà.

Ẹnu kò ní ṣàì wí pé jàǹbá ọkọ̀ máa ń pọ̀ lóòótọ́ lópin ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ náà máa ń pọ̀. Awakọ̀ tó yẹ kó ná ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan á ná an lẹ́ẹ̀mẹ́ta, oorun á wà lójú rẹ̀, ọyẹ́ á ti fi kùrukùru bo iwájú. Ọjọ́ ọjà ni olè ń pọ̀ lọ́jà. A kò tíì gbọ́ pé wọ́n mú ọjọ́ ọjà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Kajola kọjá ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifo láti 2021, December kan náà ló ń rìn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí ìkánjú ṣe lè mú awakọ̀ rẹ̀ ya igbó kó lọ gba ọ̀nà òdì. Àwọn kan á ní ẹ̀rù yìí kò burú, ó kéré tán ó ń mú kí èèyàn rọra. Èrò bẹ́ẹ̀ ló mú kí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988 pẹ̀lú Wọlé Ṣóyínká gẹ́gẹ́ bí alága àkọ́kọ́, máa fi ẹ́ḿbà ṣe ìpolongo lọ́dọọdún, mi ò sì bá wọn wí: orúkọ tí ọmọ ń jẹ́ ni à ń pè é. Àmọ́ ẹni tí a ní kó ṣọ́ra fóṣù mẹ́rin ti gba ìyọ̀ǹda fún mẹ́jọ. Àwọn tó ní mo ń bá àdúrà jà, kí wọ́n wo àwọn awakọ̀ tó ń bọ Ògún: bí wọ́n bá fi ajá bọ ọ́ tán, wọ́n mọ̀ pé ó ku ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì.

Ọjọ́ 31 oṣù kejìlá kò mọ òṣùpá. Ọdún mìíràn á bá a ní kíkún, ọdún mìíràn òkùnkùn biribiri ni. Nígbà tí ìsìn bá parí, dánfó tí iná iwájú rẹ̀ kù ẹyọ kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Mowe, èrò á ti kún un dé ẹnu ilẹ̀kùn, kọ̀ńdọ́ á máa kí tọmọdé tàgbà kú ọdún. Dẹ́rẹ́bà á wo iwájú, á rí i pé sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ti wà níbẹ̀, á yí ọwọ́ ọkọ̀ sí apá òdì kó lè tètè dé Ibafo. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ti wọlé. Ẹ́ḿbà ti tán.