Ẹnu Tí Kò Tíì Jẹ Dòdò

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tó ń gbé ní Lawanson ní Sùúrùlérè, fún mi ní káàdì kan lọ́jọ́ Sátidé. Káàdì náà nípọn, ó ń dán, ó sì ń rùn yíǹkì, torí Ṣómólú ló ti ń bọ̀ tààrà, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú fún ọ̀pọ̀ ará Èkó. Orúkọ rẹ̀ wà lókè. Abẹ́ orúkọ náà ni wọ́n fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ ọ́ sí, lédè Òyìnbó, pé akọ̀ròyìn àti alámèyítọ́ géèmù ni.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "ẹ bá mi dúpẹ́. Mo ti ríṣẹ́. Wọ́n á máa sanwó fún mi kí n máa ta géèmù."

Ọ̀rọ̀ náà, "ta," lójú méjì. Bí a ti ń ta ayò, bẹ́ẹ̀ náà là ń ta ata. Mo fẹ́ bi í pé èwo ni nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn, mi ò fẹ́ bà á jẹ́. Mo kàn ní kó fi ohun tó ti kọ hàn mí.

Ọ̀kan ṣoṣo ló ti kọ, lórí Grand Theft Auto VI. Ẹ̀yin tí ẹ kì í yà ní ilé géèmù, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ọdún 2013 ni ìkarùn-ún géèmù yìí jáde. Òmíràn nínú àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ ta á ti di bàbá ọmọ báyìí. Ayé retí ìkẹfà títí, àfi ìgbà tó di Oṣù Kejìlá ọdún 2023 tí Rockstar Games tó ni ín ju fídíò ìpolówó kan síta, tí kò ju bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ. Géèmù fúnra rẹ̀ kò tíì sí lọ́jà nígbà tí ọmọ wa kọ̀wé rẹ̀. Kódà Computer Village ní Ìkẹjà, tó máa ń ní ohun tí ẹni tó ń ṣe é kò tíì ṣe tán, kò ní in. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ yẹn ni ọmọ wa wò tó fi fún géèmù náà ní 10 nínú 10.

Kò fi mọ síbẹ̀. Ó ní ọkọ̀ inú rẹ̀ rọrùn láti wà. Ó ní ìjà inú rẹ̀ kò láfiwé. Ó ní ìtàn rẹ̀ parí síbi tó yẹ kó parí sí! Àfi bí ẹni tó dúró sí fèrèsé alájọgbé, tó rí èéfín tó ń jáde ní kíṣìnnì, tó wá ń pariwo pé iyọ̀ inú ọbẹ̀ náà ṣe wẹ́kú.

"Ta ló sanwó èyí fún ẹ?"

"Kò tíì sẹ́ni tó san nǹkan kan, Bọ̀ọ̀dá. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ rí i pé mo fẹ́ràn wọn ni."

Ibẹ̀ ni òwe kan ti bọ́ sí mi lẹ́nu. Yorùbá ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo: ẹni tó bá ti jẹun lọ́wọ́ rẹ kì í rójú bá ọ wí. Àwa oníròyìn Nàìjíríà kò nílò ìtumọ̀ rẹ̀. Àpòòwé tí wọ́n ń pè ní "owó ọkọ̀" ti túmọ̀ rẹ̀ fún wa tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò, ẹ ó rí i pé ẹni tó pa òwe yìí ṣì ń ro ire sí ọmọ aráyé. Lójú tirẹ̀, dòdò ló ń ṣíwájú. Ẹnì kan á kọ́kọ́ lọ sọ́jà ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, á bó o, á gé e, á gbé òróró kaná, á dín in, á bù ú sínú àwo, á gbé e wá bá ọ. Ìgbà tí o bá jẹ ẹ́ tán ni òdodo yóò tó sá lẹ́nu rẹ. Bó tilẹ̀ burú, kárà-kátà ni: wọ́n gbà, wọ́n san. Kò wá sí bàbá yẹn lọ́kàn pé ìran kan ń bọ̀ tí yóò ti ju òdodo nù sójú títì kí wọ́n tó gbọ́ òórùn òróró.

Àwọn ará òkè òkun tí ọmọ wa fi ṣe àwòkọ́ṣe, àwọn yẹn tiẹ̀ rí dòdò jẹ. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2020, ilé iṣẹ́ CD Projekt ti ilẹ̀ Poland gbé Cyberpunk 2077 jáde. Kó tó jáde, wọ́n ti fún àwọn akọ̀ròyìn géèmù ní tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ti orí kọ̀ǹpútà ni. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n fojú kan ti PlayStation 4. Wọ́n tún ní kí ẹnikẹ́ni má fi fídíò tó gbà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ hàn aráyé, àfi èyí tí àwọn bá fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ, wọ́n nu ẹnu, wọ́n yìn ín bí ẹni ń yin ọba. Àfìgbà tí àwọn tó fowó ara wọn rà á gbé e sórí PlayStation 4, tó ń há, tó ń kú lójijì, tí ọ̀rọ̀ di ariwo. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí Sony, tó ni PlayStation, fi yọ ọ́ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ń dá owó padà fún oníbàárà.

Ẹni tó ti àwo dòdò sẹ́gbẹ̀ẹ́ náà wà. Lọ́dún 2007, Jeff Gerstmann ti GameSpot fún Kane & Lynch ní 6 nínú 10, lásìkò tí ìpolówó géèmù yẹn gan-an bo ojú ewé iléeṣẹ́ rẹ̀ pitipiti. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ó di ọdún 2012 kó tó ráyè là á mọ́lẹ̀ fún gbogbo ayé. Ìwé ìròyìn Game Informer ńkọ́? Ọdún 1991 ló bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń ta géèmù, GameStop, ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2024, lẹ́yìn ọdún 33, olówó rẹ̀ tì í pa, wọ́n sì nu ohun gbogbo tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó di ọdún 2025 kí olówó mìíràn tó jí i dìde. Iṣẹ́ tí ọmọ wa tẹ káàdì sí nìyẹn.

Mo tẹ̀lé e lọ sí ilé géèmù rẹ̀ ní Mushin, lápá Ìdí-Òro. Yàrá kan ni, tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, fáànù kan tó ń yí bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìnkùlé. Mo bi àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ pé ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n máa sanwó fún òun kó máa ta géèmù, kó sì máa kọ̀wé nípa rẹ̀. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè, títí kan ti ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Mo ní ó dáa. Géèmù tí wọ́n bá gbé lé ẹ lọ́wọ́ ni wàá ta o, kì í ṣe èyí tó wù ẹ́. Bó bá gba ọgọ́ta wákàtí, wàá ta á dópin, bó ti wù kó sú ẹ tó. Ọwọ́ díẹ̀ wálẹ̀. Mo ní wọ́n á sọ ọjọ́ àti wákàtí tí o lè lanu fún ẹ. Bí o bá fọhùn ṣáájú, o ò ní rí òmíràn gbà mọ́. Ọwọ́ tún wálẹ̀. Mo ní bí o bá ta á tán, wàá jókòó kọ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọwọ́ já lulẹ̀ bí aṣọ tí okùn rẹ̀ já. Ẹyọ kan ló kù lókè.

"Ìwọ ṣì fẹ́ ẹ?"

"Rárá o, Bọ̀ọ̀dá. Mo fẹ́ béèrè ni, ṣé àwọn náà ló máa ra epo jẹnẹrétọ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e ni mi ò tíì gbàgbé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba páàdì, ó gbá bọ́ọ̀lù fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n jẹ ẹ́ ní góòlù mẹ́ta, ló bá gbé páàdì sílẹ̀. "Gólí yìí fọ́jú! Bó ṣe fọ́jú léṣìí náà nìyí. Wọ́n kàn pààrọ̀ jẹ́sì, wọ́n yọ FIFA kúrò lórúkọ ẹ̀, wọ́n pè é ní FC, wọ́n ní ká tún sanwó tuntun. Jìbìtì gbáà!"

Ẹ gbọ́ ná! Òótọ́ ni pé ọdún 2023 ni EA, tó ń ṣe géèmù bọ́ọ̀lù yẹn, pa orúkọ FIFA tì. Òun tí kò rí ju ìpolówó lọ tó ní ìtàn parí síbi tó yẹ, òun náà ló wá sọ èyí. Kò sí ìpọ́nni, kò sí àbọ̀ ọ̀rọ̀. Bí òǹwòran ṣe ń ṣe nídìí ọpọ́n ayò nìyẹn: ì báà ṣe ọ̀ta, ì báà ṣe ọ̀pẹ̀, bí o bá ta á bàjẹ́, wọn á sọ ọ́ sí ọ létí, kò sì sẹ́ni tó tẹ káàdì fún wọn. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ló mú Konami lọ́dún 2021, nígbà tí wọ́n sin PES, géèmù bọ́ọ̀lù tiwọn, tí wọ́n gbé eFootball jáde, tí ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ sì wọ́ bí àgbá tí ọkọ̀ gùn. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń pín in o. Síbẹ̀ àwọn tó ń ta á bú u lórí Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, débi pé títí di ìgbà náà, kò sí géèmù tí wọ́n tíì bú tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí, Konami sì yára tọrọ àforíjì.

Ohun tó wá bí mi nínú nìyí. Ní Èkó níbí, Maliyo Games ti ń ṣe géèmù láti ọdún 2012. Wọ́n fi ọ̀kadà ṣe é, wọ́n fi ẹ̀fọn ṣe é. Abíọ́lá Ọláníran dá Gamsole sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ kan náà. Géèmù Maliyo wà lórí fóònù, ọmọ wa lè ta á lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ǹjẹ́ ó ti kọ ìlà kan nípa wọn, ì báà ṣe ìyìn, ì báà ṣe èébú? Ó ní ta ló máa kà á. Rockstar tí kò mọ̀ pé Lawanson wà láyé gba 10 nínú 10 kí a tó rí i. Ọmọ Èkó tó ṣe tirẹ̀ tán, tó gbé e sílẹ̀ fún wa, kò rí òdo gbà. Ẹ jọ̀ọ́, èyí kì í ṣe ìfẹ́ géèmù. Alágbe tó tẹ káàdì ni.

Nígbà tí a padà dé Lawanson, ẹ̀gbọ́n mi, ìyá rẹ̀, ti dín dòdò. Òun ló ń bọ́ ọmọ náà, orí rẹ̀ ló ń gbé, òun ló sì fún un lówó káàdì. Ọmọ náà bu ẹyọ kan sẹ́nu, kò tíì gbé e mì tó fi ní: "Màámi, òróró ti pọ̀ jù o, ó sì ti jó lábẹ́."

Ẹnu rẹ̀ kún fún dòdò, ó sì sọ òdodo. Kì í ṣe dòdò ló ń dí i lẹ́nu bó bá dójú ìwé, ojú tó fi ń wá dòdò ni. Bó bá lè kọ̀wé sí àwọn Òyìnbó rẹ̀ bó ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó má ju káàdì náà nù.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi, ó ní èmi tí mo jẹ́ àgbà oníròyìn, kí ni mo rí sí i. Mo ní ó dùn púpọ̀, ẹ bù sí i fún mi.

Dòdò náà sì jó lóòótọ́.