Òdòdó Họ́láńdì Lóṣù Kẹwàá

Ẹ fa bẹ́ǹṣì yẹn sún mọ́ ibí. Èmi kì í ṣòfófó o, gbogbo Owódé Onírin ló mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ògiri ilé wa fẹ́lẹ́, etí tèmi ò sì di. Ìyàwó oníẹ́ńjìnì tókúnbọ̀, èyí tó ń gbé yàrá iwájú, ń lọ Họ́láńdì! Ọkọ ń lọ wo ẹ́ńjìnì, ìyàwó ń lọ wo òdòdó. Ó ti gbé fọ́tò oko túlíìpù sójú WhatsApp rẹ̀: pupa, yẹ́lò, àlùkò, títí tí ojú fi tó o. Ẹ wá bi mí pé oṣù wo ni wọ́n fẹ́ wọ bàálù. Oṣù kẹwàá!

Mo rẹ́rìn-ín títí garawa fi bọ́ lọ́wọ́ mi nídìí ẹ̀rọ omi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti pẹ́ ní Amsterdam, òun ló là mí lóye. Láti ìparí oṣù kẹta ni àwọn òdòdó kan ti ń yọjú, ṣùgbọ́n túlíìpù gan-an, àárín oṣù kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ni. Lóṣù kẹwàá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rì í mọ́lẹ̀ ni! Ilẹ̀ lásán lobìnrin yìí fẹ́ lọ yà ní fọ́tò. Ṣé kò sí ilẹ̀ ní Owódé ni? Àmọ́ ẹ fura o. Àsìkò yẹn náà ni odò Ògùn máa ń kún wá bá àwọn ará Àjégúnlẹ̀ nínú yàrá. Bóyá omi ló ń sá fún. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ẹni tó bá máa lọ, Lisse ni kó forí lé. Ọgbà tí wọ́n ń pè ní Keukenhof wà níbẹ̀. Wọ́n ti ṣí i fún ará ìta láti 1950. Òdòdó bíi mílíọ̀nù méje ni wọ́n ń fọwọ́ gbìn síbẹ̀ lọ́dọọdún, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ẹ yẹra fún ọjọ́ 27 oṣù kẹrin, ọjọ́ ìbí ọba wọn. Èrò ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí ọ̀nà. Ẹ mú súwẹ́tà dání. Ìgbà tá a bá ń fi páálí fẹ́ra níbí, òtútù ṣì ń mú wọn lọ́hùn-ún.

Oko àwọn àgbẹ̀ tún yàtọ̀ sí ọgbà yẹn. Láàárín Haarlem sí Leiden, ẹ gun kẹ̀kẹ́, ẹ dúró létí oko, ẹ máa wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má wọnú ebè! Àwọn kan á lọ nà gbalaja sáàárín òdòdó nítorí fọ́tò, bàtà wọn á sì kó àrùn wọ oko olóko. Ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀, tó rí bí àlùbọ́sà Mile 12, òun gan-an ni wọ́n ń tà. Tí òdòdó bá ti tàn, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń bẹ́ ẹ lórí, kí agbára lè wọ ìsàlẹ̀ lọ. Oko tẹ́ ẹ rí lónìí, ó lè ti di ewé lásán lọ́la.

Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú àlùbọ́sà yẹn o. Nígbà kan, owó iṣẹ́ ọdún mélòó kan ò tó ra ẹyọ kan nínú èyí tó gbajúmọ̀, kí ọjà tó dojú dé mọ́ wọn lọ́wọ́ lóṣù kejì ọdún 1637. Nígbà ogun Hitler, lọ́dún 1944 wọ 1945, ebi mú wọn débi pé wọ́n sè é jẹ.

Ẹ ní kí n lọ sọ fún ìyàwó yàrá iwájú kó yí tíkẹ́ẹ̀tì padà? Èmi kẹ̀! Láti Iléyá ló ti yá ìró mi, ojúlówó Họ́láńdì, iṣẹ́ ọwọ́ Vlisco tó wà ní Helmond láti 1846. Kò dá a padà. Ẹ jẹ́ kó lọ ya ilẹ̀ ní fọ́tò.