Ẹ Jẹ́ Kí N Jókòó sí Ẹ̀yìnkùlé Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí orí mi ti fẹ́ dàrú. Fàrándà ni mo fẹ́ kọ́ mọ́ ilé mi n'Íbàdàn. Fàrándà lásán, tí a ó fi nẹ́ẹ̀tì yí ká, kí ọkùnrin tó ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì lè jókòó nírọ̀lẹ́, kó bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, kó máa jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà, kí ẹ̀fọn má sì fi ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe oúnjẹ alẹ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ, bí wọ́n ṣe máa ń mú un lọ, kí atẹ́gùn Ọlọ́run rọ́pò fáànù. Owó nẹ́ẹ̀tì ò dà mí láàmú tó bẹ́ẹ̀. Owó sìmẹ́ǹtì, a ó máa bá a yí. Ibi tí fàrándà yóò kọjú sí ni ogun wà.

Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ti di awọnlẹ̀ lójijì. Ẹ̀gbọ́n mi ní iwájú ilé ni, kó kọjú sí títì, ìyẹn ìwọ̀ oòrùn. Ìyàwó mi ní ẹ̀gbẹ́ ilé ni, apá gúúsù, kí èéfín ilé ìdáná òun má bàa bá mi níbẹ̀, kí èmi náà má sì máa pe òun fún omi tútù ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Bíríkìlà ní, "Dádì, ibi tẹ́ ẹ bá ní kí n kọ́ ọ sí náà ni mo máa kọ́ ọ sí," ló bá ń wo iwájú ilé ṣáá, torí ibẹ̀ ni wọ́n da iyanrìn sí, kò fẹ́ rù ú jìnnà. Ìyá ìyàwó mi, tí wọ́n wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọn ò tíì fojú kan ilé náà láti ìgbà tí a ti kùn ún, pè mí lórí fóònù: "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọjú ẹ̀ sí ìlà oòrùn o. Ìjì apá ibẹ̀ yẹn kì í ṣeré." Ohun tó dùn mí jù ni pé nínú gbogbo wọn, ẹni tó jìnnà jù ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Atẹ́gùn tútù tí gbogbo wa fẹ́ràn, èyí tó ń ti orí òkun bọ̀, àárín gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn ló ti ń fẹ́ wọ ilẹ̀ wa. Èèyàn á rò pé ibẹ̀ náà ni ìjì máa gbà wá. Rárá o! Ìjì òjò, pàápàá ti oṣù kẹta àti ìkẹrin tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àti ti oṣù kẹwàá tó ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìlà oòrùn ló ti máa ń ya wọ̀lú. Ojú ọ̀run apá ibẹ̀ á ṣú dẹ̀dẹ̀, eruku á gbéra, páànù ilé ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, aṣọ orí okùn á ṣí lọ sílé aládùúgbò, kí ẹ̀kán òjò kan tó kán. Fàrándà tó bá kọjú sí i, inú ihò nẹ́ẹ̀tì ni omi yẹn máa gbà wọlé. Ẹ̀fọn la ní kí nẹ́ẹ̀tì bá wa lé, kò bá òjò ṣàdéhùn kankan.

Àríwá ńkọ́? Àríwá ì bá dáa, bí kì í bá ṣe ti ọyẹ́. Láti oṣù kejìlá títí wọ oṣù kejì, àárín àríwá àti ìlà oòrùn ni ọyẹ́ ti ń ru eruku aṣálẹ̀ bọ̀. Ẹ wo nẹ́ẹ̀tì fèrèsé yín ní oṣù kìíní. Ẹ fi ìka kàn án: ojú ìka á pọ́n, nẹ́ẹ̀tì á ní àmì ìka, eruku á sì já wìì sórí aṣọ yín. Ihò rẹ̀ á ti dí débi pé atẹ́gùn ò ríbi gbà mọ́. Nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ pàápàá, kó tó gba eruku, máa ń gba lára atẹ́gùn tó bá fẹ́ kọjá. Kápẹ́ńtà ní kí n ra èyí tí ihò rẹ̀ kéré gan-an, kí kantíkantí náà má lè wọlé. Ó dáa, kantíkantí ò wọlé, atẹ́gùn náà ò wọlé, ta ló wá kù nínú fàrándà? Èmi àti ooru.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí ti ẹ̀gbọ́n mi, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń gé ilẹ̀ fún wa: ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ìbú kékeré á wà lójú títì, gígùn á máa lọ sẹ́yìn. Lára pílánù ilẹ̀, ọfà kékeré kan wà tó ń tọ́ka sí àríwá. Mi ò tíì rí ẹni tó wo ọfà yẹn rí kó tó kọ́lé. Títì la ń wò. Títì tèmi sì wà ní ìwọ̀ oòrùn. Oòrùn ọ̀sán gangan kì í ṣe ìṣòro, torí òkè ló ti ń bọ̀, òrùlé á gbà á sórí. Ti ìrọ̀lẹ́ ló burú. Láti bí aago mẹ́rin, ó ti rẹ̀ sílẹ̀, abẹ́ òrùlé ló ń gbà wọlé, ojú èèyàn ló sì máa ń dojú kọ. Ògiri búlọ́ọ̀kù á máa mu ún títí ilẹ̀ á fi ṣú, á wá máa pọ̀ ọ́ padà síni lára ní alẹ́. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ nínú oṣù kejì, ẹ ó rò pé ó ní ibà.

Mo kó gbogbo èyí sílẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n gbọ́, wọ́n mi orí, wọ́n ní: "Àbúrò, ilé tí fàrándà ẹ̀ wà lẹ́yìn, ta ló máa mọ̀ pé o wà nílé?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹni tó jẹ gbèsè ló ń jókòó sẹ́yìnkùlé."

Ṣé ẹ rí i? Tí mo bá jókòó níwájú, gbogbo ẹni tó ń lọ ló máa kí mi ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú ìsinmi, ẹ kú atẹ́gùn. Mo gbọ́dọ̀ dá gbogbo wọn lóhùn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọ́n á ní mo ti ń gbéra ga. Gúgúrú tí mo bá bù sẹ́nu, mo gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n wá bá mi jẹ ẹ́, ẹnì kan lára wọn á sì wá lóòótọ́. Alága àdúgbò á rántí owó ọlọ́dẹ tí mo ṣì ń wá. Kí wá ni iṣẹ́ nẹ́ẹ̀tì, tó bá jẹ́ pé ẹ̀fọn nìkan ló lè lé?

Ti ìyàwó mi, apá gúúsù, n kò lè sọ pé kò mọ́gbọ́n dání. Àmọ́ oòrùn Ìbàdàn kì í gbé ojú kan. Láti bí àárín oṣù kẹrin títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ló máa ń gbà kọjá lọ́sàn-án; ìyókù ọdún, apá gúúsù ni. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí a ò fẹ́ rí i gan-an ló máa rẹlẹ̀ síbẹ̀. Ká tiẹ̀ fi ti oòrùn sílẹ̀, atẹ́gùn ọ̀hún dà? Ó gbéra lórí òkun, ó la Èkó kọjá, ó gba Ṣágámù, ó wọ Ìbàdàn, ó ku ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ kó kàn mí lára, ló bá kọlu pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò mi. Ohun tó ń gba orí fẹ́ǹsì wá sọ́dọ̀ mi láti apá ibẹ̀ ni èéfín jẹnẹrétọ̀ wọn.

Àwọn bàbá ńlá wa ò ja irú ìjà yìí. Agbo ilé ni wọ́n kọ́, àgbàlá wà láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí oòrùn bá lé bàbá kúrò níhìn-ín, wọ́n á ká ẹní, wọ́n á bọ́ sí òdìkejì. Àwa tó lajú la wá ń fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ja gbogbo oòrùn. Àwọn òyìnbó náà rò ó dáadáa. Maxwell Fry àti Jane Drew, tí wọ́n ya àwòrán ilé Yunifásítì Ìbàdàn tí a dá sílẹ̀ ní 1948, ilé tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn, kí atẹ́gùn lè gba ìhín wọlé kó gba ọ̀hún jáde, wọ́n sì fi kọnkéré oníhò dí oòrùn lójú. Ní 1956, wọ́n kọ odindi ìwé lórí bí a ṣe ń kọ́lé sí ilẹ̀ ooru. Mo kí wọn. Àmọ́ ilẹ̀ wọn lọ súà, kò sẹ́ni tó já 50 sí 100 lé wọn lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n wọn ò sì wá láti Òkè-Àdó wá sọ fún wọn pé ẹni tó jẹ gbèsè ló ń kẹ̀yìn sí títì.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo fẹ́, ìyẹn apá ìlà oòrùn. Oòrùn àárọ̀ á débẹ̀, àmọ́ ta ló ń jókòó sí fàrándà láàárọ̀? Tó bá ti di ọ̀sán, ilé fúnra rẹ̀ á ṣíji bo ibẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìjì tí ìyá ìyàwó mi wí, a ó so tápólì sókè tí a lè tú sílẹ̀ tí ojú ọ̀run bá ṣú. Mo sọ èyí fún bíríkìlà, inú mi dùn. Ó ju okùn sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ó wá dúró lójú kan. "Dádì, sókàwéè ńkọ́?"

Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni sókàwéè wà. Níwájú oòrùn, lẹ́yìn òórùn.

Mo ti ní kó sún fàrándà sí igun kejì, kó fi ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan jìnnà sí ìdérí sókàwéè, owó iyanrìn tó máa rù lé, mo gbà. Kò sẹ́ni tó máa yí mi padà mọ́. Síbẹ̀, kí wọ́n má bàa ní mi ò gbọ́ràn, mo bá ẹ̀gbọ́n mi dá májẹ̀mú: kí wọ́n wá ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n gbé àga síwájú ilé, kí wọ́n kọjú sí títì tí wọ́n fẹ́ràn, kí wọ́n sì jókòó títí di aago mẹ́fà. Bí wọn ò bá dìde, fàrándà á wà níwájú. Wọ́n ní ó dáa, àwọn gbà, ṣùgbọ́n àárọ̀ ló máa rọ àwọn lọ́rùn láti wá.