Bàbá Míṣọ́n

Bí ẹ bá dúró ní oríta Àkódà nílùú Ẹdẹ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹ ó rí i. Gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àpò ẹ̀yìn rẹ̀ wú bí ti ẹni tó ń kó kúrò nílé, gbohùngbohùn kan sì há sí abíyá rẹ̀. Ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń dúró dè. Láti ibẹ̀ yóò gba Ìgbẹ́tì dé Kìṣí, yóò wá gun ọ̀kadà wọ ilẹ̀ Ìbàrìbá. Ẹ bi í pé níbo ló ń lọ, kò ní dárúkọ ìlú kankan. "Fíìdì ń ké," ni yóò wí, á sì wo ojú ọ̀nà bí ẹni tó ń gbọ́ igbe náà.

Kì í ṣe ẹnì kan pàtó ni mò ń bá wí o. Láti Òkè Gada dé Òwódé, kò sí àdúgbò tí kò ní tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kàn máa pè é ní Bàbá Míṣọ́n, nítorí orúkọ tí Àlhájà ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun tí báńkì nìkan ń lò.

Àpò yẹn kì í tú. Bó bá dé, ìyàwó rẹ̀ á yọ aṣọ ìdọ̀tí inú rẹ̀, á fọ̀ ọ́, á lọ̀ ọ́, á sì dá a padà sínú àpò. Kò sí ibòmíràn tí yóò kó o sí. Ìwé pélébé tí wọ́n ń pín lóde ìwàásù ti gba kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ béèrè ọmọ àwọn ará Ìbàrìbá lọ́wọ́ rẹ̀, yóò kà wọ́n fún yín lórúkọ lórúkọ: èyí tí ibà ṣe lóṣù tó kọjá, èyí tó ti lè ka Sáàmù kìíní lórí. Ẹ wá bi í pé kíláàsì wo ni Ìkórè, àkọ́bí rẹ̀, wà. Á wòkè díẹ̀. "JSS 2 kọ́ ni?" JSS 2 ni, tẹ́ ẹ bá ti lè fi ọdún mẹ́rin kún un.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà, mọ̀ ọ́n bí a ti ń mọ àlejò pàtàkì. Lálẹ́ tí bàbá dé, ọmọ náà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé ẹ ó kọ́kọ́ wàásù ni, àbí ẹ ó kọ́kọ́ jẹun?" Kò fi ṣe àwàdà. Bó ṣe máa ń rí i náà ló sọ.

Lóṣooṣù ni lẹ́tà àdúrà ń jáde lórí WhatsApp. Iye ọkàn tó yí padà á wà níbẹ̀, iye abúlé, iye Bíbélì tí owó rẹ̀ kò tíì pé, àti nọ́ńbà àkáǹtì. Òkè pátápátá ni fọ́tò ìdílé wà: Bàbá, Ìyá, ọmọ mẹ́ta, ankárá kan náà lọ́rùn gbogbo wọn. Kérésì kan báyìí ni wọ́n ya fọ́tò yìí, ọjọ́ tí gbogbo wọn tún jọ wà nílé pẹ̀lú aṣọ kan náà kò sì tíì padà wá. Ankárá náà ti di ohun tí wọ́n fi ń nulẹ̀. Ìkórè, tó dúró síwájú tó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú eyín iwájú méjì tó ti ká, ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ báyìí. Àbíkẹ́yìn kò tilẹ̀ sí nínú fọ́tò náà, wọn ò tíì bí i nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ará wa tó ń fi owó ránṣẹ́ láti Houston kò lè mọ̀. Wọ́n ṣì ń fi tọkàntọkàn gbàdúrà kí eyín Ìkórè hù dáadáa, Ìkórè tó ti ń fá irùngbọ̀n.

Ta ló wá ń tọ́ àwọn ọmọ? Ìyá Ìkórè ni, tó ń ta èlùbọ́ l'Ọ́jà Tìmì láti òwúrọ̀ dé alẹ́, tó sì jẹ́ pé owó èlùbọ́ yẹn gan-an ló ń di owó ọkọ̀ nígbà tí Houston bá pẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, Aáfà ni.

Ògiri kan ló pín ilé Aáfà àti tiwọn. Ọ̀kadà Aáfà ló ń gbé wọn lọ sílé ẹ̀kọ́ bí òjò bá ṣú. Aáfà ló kọ́ Ìkórè ní ìlọ́po, tó nà án nígbà tó sá nílé ẹ̀kọ́, tó sì tún ra búrẹ́dì fún un lẹ́yìn ẹgba. Ẹ yí káàdì ìdánwò àwọn ọmọ náà wò lẹ́yìn, níbi tí òbí tàbí alágbàtọ́ ti ń buwọ́ lù ú. Ọdún dé ọdún, ìbuwọ́lù kan náà ló wà níbẹ̀, láti ọ̀tún lọ sí òsì.

Èyí kò lè ya ọmọ Ẹdẹ lẹ́nu. Ìlú tí Tìmì Lágúnjú ti fi Mùsùlùmí jọba láyé ogun ni, ìlú kan náà ni Ọba Adétóyèṣe Láoyè, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ti gorí ìtẹ́ ní 1946, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún títí ó fi wàjà ní 1975. Ẹran Iléyá máa ń wọ ilé pásítọ̀, ìrẹsì Kérésì náà máa ń fo ògiri padà. Wọ́n ti kó odidi ìwé jọ lórí wa, *Beyond Religious Tolerance*, tí Insa Nolte, Olukoya Ogen àti Rebecca Jones ṣe olóòtú rẹ̀ ní 2017. Ì bá wù mí kí wọ́n padà wá fi orí kan kún un fún ìbuwọ́lù Aáfà.

Ẹ má rò pé Bàbá Míṣọ́n kò mọ oore. Ó fẹ́ràn Aáfà dọ́ba. Orúkọ Aáfà ló ṣáájú nínú ìwé àdúrà rẹ̀, lábẹ́ àkọlé "Àwọn Tí Ń Ṣègbé".

Ìwàásù kan wà tí kì í jẹ́ kí Ọjọ́ Míṣọ́n kọjá láìṣe é. Lórí David àti Anna Hinderer ni, tí wọ́n dé Ìbàdàn ní 1853. Tọkọtaya yìí kò bí ọmọ tiwọn, ṣùgbọ́n ilé wọn ní Kúdẹtì kún fún ọmọ ọlọ́mọ. Olóyè Olúnlóyò fa ọmọ rẹ̀ méjì lé wọn lọ́wọ́ láti kọ́ ìwé, Yéjídé àti Akínyẹlé. Ibí yìí ni ohùn Bàbá Míṣọ́n ti máa ń gbọ̀n. "Ará, ẹ wo ọkùnrin yìí! Kì í ṣe onígbàgbọ́ o, síbẹ̀ ó gbé ọmọ bíbí inú rẹ̀ fún ẹni tí ìsìn wọn kò papọ̀, pé kí wọ́n bá òun tọ́ ọ! Irú ọkàn wo nìyẹn?" Ṣọ́ọ̀ṣì á hó yèè. Àwa tá a mọ Aáfà á fi ìwé orin bojú.

Kì í dé orí Bowen. Thomas Jefferson Bowen, tó kó iṣẹ́ àwọn Onítẹ̀bọmi Amẹ́ríkà wá sílẹ̀ Yorùbá ní 1850, tó kọ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè wa tí wọ́n tẹ̀ ní 1858, sin ọmọbìnrin rẹ̀ sí Ìjàyè. Àwọn tó tẹ̀ lé e ṣọgbọ́n sí i: wọ́n dá Newton Memorial School sílẹ̀ fún ọmọ àwọn míṣọ́nnárì, ní Òṣogbo tó múlé tì wá níbí, kí ẹni tó ń lọ oko Olúwa lè mọ ibi tí ọmọ òun sùn. Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún Bàbá Míṣọ́n lọ́jọ́ kan. Ó ní owó wà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Òótọ́ ni. Aáfà ni kò lówó.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn ṣá. Kì í ṣe irú àwọn pásítọ̀ oníbàálúù wọ̀nyẹn, kò sí ọlọ́pàá tó ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún un. Mo tẹ̀ lé e dé fíìdì lẹ́ẹ̀kan. Lóru ọjọ́ kejì, ara ọmọ kan gbóná janjan ní abúlé náà. Bàbá Míṣọ́n pọ̀n ọ́n, ó fi ẹsẹ̀ rìn nínú òkùnkùn dé abúlé kejì tí nọ́ọ̀sì wà, ó sì ń kọrin fún un jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà. N kò mọ̀ pé ó mọ orin jẹ́jẹ́. Nílé, ohùn rẹ̀ kì í wálẹ̀ ju ohùn gbohùngbohùn lọ. Mo rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́, mo gbà pé ìfẹ́ tòótọ́ ni. Àmọ́ ọmọ ibẹ̀ kò ní bi í léèrè owó WAEC, kò sì ní bi í pé ìgbà wo lẹ tún ń lọ.

Ìyàwó rẹ̀ kì í jà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ tó fẹnu kàn án.

"Bàbá Ìkórè, ọmọ yín ti ń dàgbà o."

"Olúwa ló ń tọ́ ọ, Ìyá Ìkórè. Fọkàn balẹ̀."

"Mo mọ̀. N kò kàn tíì rí Olúwa níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ ni. Aáfà ni mò ń rí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Èṣù ń gba ẹnu obìnrin yìí sọ̀rọ̀, ó wá ní kó bá òun fi ẹran kan kún ọbẹ̀.

Ìkórè jáde sẹ́kọ́ńdírì lọ́dún yìí. Yunifásítì Redeemer's àti Adeleke wà lẹ́nu ọ̀nà wa, ṣùgbọ́n owó wọn kì í ṣe owó fíìdì. Polí ìjọba àpapọ̀ ló ń lọ, Aáfà ló sì bá a sáré fọ́ọ̀mù rẹ̀. Bàbá Míṣọ́n fi fíìdì sílẹ̀ wá síbi ayẹyẹ ìjáde náà, ẹ yìn ín. Nígbà tí alága ìjókòó ní kí bàbá Ìkórè bọ́ síwájú, gbogbo àwọn olùkọ́ kọjú sí Aáfà. Aáfà fa fìlà rẹ̀ sílẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàbá Míṣọ́n ti dìde ní tiẹ̀, ó ti di máìkì mú. Ó ní òun ò ní pẹ́. Àwọn ọmọdé sùn, wọ́n jí, ó ṣì wà lórí rẹ̀.

Ó rántí lẹ́tà àdúrà lẹ́yìn náà. Ó tò wọ́n: Ìyá sápá ọ̀tún, àwọn ọmọ láàárín, àbíkẹ́yìn níwájú kí Houston lè mọ̀ pé Ọlọ́run ti ṣe é. Ó wò yíká, ó wá na fóònù jáde. "Aáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yà á."

Aáfà yà á. Fọ́tò náà dára. Àwọn ará Houston ti kọ̀wé padà pé Ìkórè mà ti dọkùnrin, eyín rẹ̀ sì hù dáadáa. Ẹnì kan nínú wọn ló béèrè pé, ta ni gbogbo àwọn ọmọ náà jọ ń wò tí ẹ̀rín wọn fi dé etí báyẹn?