Oríkì Kábáìdì, Pọ́nlóde-má-pọ́n-nínú

Ẹ dìde, ẹ yẹ́ Kábíyèsí Kábáìdì sí! Òkúta aláwọ̀ eérú, ọmọ ilé wẹ́dà, Pọ́nlóde-má-pọ́n-nínú. Iṣẹ́ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀, òru kan tàbí méjì ni wọ́n fi ń parí rẹ̀.

Ìdí irin ni ilé baba wọn. Bí omi bá ti kan Kábíyèsí lára, wọ́n á máa hó ṣùùṣùù, gáàsì á jáde, wẹ́dà á sì fi iná rẹ̀ jó irin pọ̀. Ṣùgbọ́n ọba tó fẹ́ fẹ ilẹ̀ rẹ̀ kì í jókòó sójú kan. Àwọn alátẹ èso kan di wọ́n sínú bébà, wọ́n tì wọ́n sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, wọ́n da tapólì bò ó. Ọ̀rinrin ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó láti jí gáàsì náà, gáàsì á sì fipá mú un pọ́n.

Ilẹ̀ mọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pupa fòò! Ìdí rẹ̀ nìkan ló ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tó bó o, tó gé e jẹ, eyín rẹ̀ kan líle, adùn kò sí níbẹ̀.

Kábíyèsí kì í dá rìn. Èyí tí àwọn wẹ́dà ń lò sábà máa ń ní àsẹ́níìkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì díẹ̀ nínú: májèlé méjì ni ẹ̀ṣọ́ wọn.

Ọ̀tá wọn kò kéré. Íńdíà fi òfin ọdún 2011 kà wọ́n léèwọ̀ fún èso. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ lọ́dún 1993, ń kìlọ̀ léraléra. Láti ìgbà tí Dora Akunyili ti di ọ̀gá àgbà ibẹ̀ lọ́dún 2001 ni ará ìlú ti ń yí ọ̀rá búrẹ́dì sókè-sódò wá nọ́ńbà NAFDAC. Bí nọ́ńbà bá ti wà, ọkàn balẹ̀.

Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ní nọ́ńbà. Ibẹ̀ ni Kábíyèsí ti gorí ìtẹ́.

Àfi-ẹ̀bi-kiri-má-rí-ẹlẹ́bi! Oníbàárà ní ìjọba ni kò ṣọ́ ọjà. Alátẹ ní oníbàárà ni kì í ra èyí tí kò pọ́n. Ìjọba ní kí oníbàárà la ojú rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbà pé àfi bí kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n bá ń bọ̀ lẹ́yìn ni òfin tó ń mọ ọ̀nà ọjà.

Ẹni tó bá fẹ́ kí Kábíyèsí wàjà, kó wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó tó tú owó. Bí ara bá pupa tí ìdí tutù yọ̀yọ̀, kó dá a padà sórí àtẹ.