Ọlọ́run, Alága Ìpolongo Ìbò

Bí ọdún ìbò bá ti wọlé ní ìpínlẹ̀ Georgia, Ọlọ́run kì í ráyè sinmi mọ́. Olùdíje kan á ní Òun ló rán òun níṣẹ́. Alátakò rẹ̀ á ní irọ́ ni, òun gan-an ni Ó rán. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta á kọ orúkọ Jésù sára bọ́ọ̀sì, á máa gbé e kiri ìlú. Bí wọ́n bá ka ìbò tán tí ẹnì kan wọlé, ẹ ò ní gbọ́ kí àwọn tó fìdí rẹmi bi Ọlọ́run léèrè ohun tó dé tí Ó fi rán ẹni mẹ́ta sórí àga kan ṣoṣo. Ọ̀dọ̀ lọ́yà ni wọ́n máa ń gbà lọ.

Ẹ má rò pé mo ń fi bọ́ọ̀sì ṣẹ̀fẹ̀. Ní 2022, Kandiss Taylor jáde lábẹ́ ẹgbẹ́ Republican láti du ipò gómìnà. Nǹkan mẹ́ta ló kọ gàdàgbà sára bọ́ọ̀sì ìpolongo rẹ̀: Jésù, ìbọn, ọmọ ọwọ́. Bí mo ṣe tò wọ́n yẹn ni òun náà ṣe tò wọ́n. N kò tíì rí wòlíì tó lè ṣàlàyé ohun tí ìbọn ń wá láàárín Jésù àti ọmọ ọwọ́. Nígbà tí wọ́n dìbò abẹ́lé ní oṣù Karùn-ún, ìbò tó rí kò tó mẹ́ta àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ní òun kò gba èsì náà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé a máa béèrè bí olóṣèlú tó jẹ́ Kristẹni ṣe ń pín ọkàn rẹ̀ sí méjì, apá kan fún ìgbàgbọ́, apá kejì fún ipò. Wọ́n á ní ìjà ńlá ni. Àwa tí a ń wò wọ́n ní Atlanta kò rí ìjà kankan. Àwọn méjèèjì ti fẹ́ra, wọ́n ti bímọ, Ìpolongo ni wọ́n sì sọ ọmọ náà.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì Ebenezer ní Auburn Avenue. Ọdún 1886 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Martin Luther King àgbà ti ṣe pásítọ̀, ibẹ̀ náà ni ọmọ rẹ̀ ti bá a ṣe é láti 1960 títí wọ́n fi yìnbọn pa á ní 1968. Nígbà tí King ọmọ tako ogun Vietnam ní oṣù Kẹrin 1967, àwọn ìwé ìròyìn ńláńlá bú u, Ààrẹ Johnson sì kẹ̀yìn sí i. Lóde òní, bí ọjọ́ ìrántí rẹ̀ bá pé ní oṣù Kìn-ín-ní, gbogbo olóṣèlú ló fẹ́ràn rẹ̀, títí kan àwọn tí ì bá ní kí ọlọ́pàá mú un ká ní ó ṣì wà láàyè. Wòlíì tó ti kú kì í da ìpàdé rú mọ́.

Ní ọjọ́ ìrántí náà ní 2020, Kelly Loeffler wà ní Ebenezer. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n búra fún un bíi sẹ́nétọ̀. Raphael Warnock, tó ti ń ṣe olórí pásítọ̀ ibẹ̀ láti 2005, wà níbẹ̀. Kí oṣù yẹn tó parí, pásítọ̀ ti kéde pé àga àlejò òun lòun ń bọ̀ wá gbà. Nígbà tí ìbò sì kù sí dẹ̀dẹ̀, ewu tó wà nínú ìwàásù ọkùnrin náà ló kún ẹnu ìpolongo Loeffler. Wọ́n hú ìwàásù kan jáde tí Warnock ṣe ní 2011, tó gbé ka Mátíù 6, níbi tó ti ní ènìyàn kò lè sin Ọlọ́run kó tún máa sin iṣẹ́ ológun. Ẹ jẹ́ ká yin ẹni tó yẹ fún ìyìn: kò sí ọmọ ìjọ tó ń fetí sí ìwàásù tó alátakò nínú ìbò. Àwa tí a jókòó síwájú pásítọ̀ gan-an, bí a bá ti dé ìdí ìrẹsì, a ò rántí ẹsẹ tó kà mọ́. Ti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni àwọn rántí.

Warnock náà kì í ṣe ọmọdé nínú eré yìí. Ní 2014, kó tó di olóṣèlú, ọlọ́pàá mú un ní ilé ìjọba Georgia nítorí pé ó lọ jókòó síbẹ̀ kí wọ́n lè fẹ ètò ìlera Medicaid dé ọ̀dọ̀ àwọn tálákà. Ohun tí ojú wòlíì ń rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbò dé ní 2020, àwọn amòye ìpolongo rí i pé Bíbélì nìkan kò ní tó láti fi ọkàn àwọn aláwọ̀ funfun ẹ̀yìn ìlú balẹ̀. Wọ́n wá ajá. Ajá beagle kékeré eléti gbọọrọ, Alvin lorúkọ rẹ̀. Nínú fídíò náà, pásítọ̀ wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kò lápá, ó ń mú ajá gbafẹ́ ládùúgbò tí wọ́n ti gé koríko rẹ̀ dáadáa. Ó fi ọ̀rá kó ìgbẹ́ ajá, ó sì jù ú sínú agolo ìdọ̀tí, kí ayé lè mọ ohun tí òun rò nípa ọ̀rọ̀ tí Loeffler ń sọ. Ajá náà kì í ṣe tirẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní 2021, Warnock wọlé pẹ̀lú ìbò 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọlọ́run tó la ẹnu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Báláámù, ajá tí yóò bá A tọrọ ìbò kò lè wọ́n Ọn.

Láti ìgbà náà, sẹ́nétọ̀ ni Warnock ní Washington láàárín ọ̀sẹ̀, pásítọ̀ ni ní Ebenezer lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó máa ń sọ pé irú àdúrà kan ni ìbò jẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àdúrà àwọn ará Georgia kì í gbà lẹ́ẹ̀kan: òfin wọn ní bí ẹnikẹ́ni kò bá rí ju ìdajì ìbò lọ, kí gbogbo ìlú padà wá gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Bó ṣe di pé òun àti Herschel Walker wọ̀yá ìjà lẹ́ẹ̀mejì ní ìparí 2022 nìyẹn.

Walker, ògbóǹtarìgì agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, kò gba gbẹ̀rẹ́ lórí ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, ìwé ìròyìn Daily Beast gbé e jáde pé obìnrin kan ní Walker ló fún òun lówó láti ṣẹ́yún ní 2009. Walker ní irọ́ gbuu ni. Lọ́jọ́ kejì, ó wà ní First Baptist Atlanta, níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó sọ lórí rédíò pé ká tiẹ̀ ní ó ṣẹlẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀, a ti dárí ji òun. Ìjìnlẹ̀ ẹ̀kọ́ nìyí, ẹ̀yin ará: n kò dá ẹ̀ṣẹ̀ náà, a sì ti dárí rẹ̀ jì mí. Àwọn tó ní torí ọmọ inú oyún làwọn ṣe ń dìbò kò torí ẹ̀ padà sílé. Ó fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n ó lé ní 48 nínú ọgọ́rùn-ún tó dìbò fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má baà ní orí èèyàn kan ni mo gbé ẹjọ́ lé, ilé aṣòfin náà ní tirẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2021, Gómìnà Brian Kemp fọwọ́ sí òfin ìbò tuntun. Òfin náà kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni máa pín oúnjẹ tàbí omi fún àwọn tó tò sórí ìlà láti dìbò, bí wọ́n bá wà láàárín 150 ẹsẹ̀ bàtà sí ibùdó ìbò. Àwọn tó ṣe òfin yìí a máa fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ ìjókòó wọn. Nínú Mátíù 25, Jésù ní ẹni tó bá fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lómi, Òun gan-an ló fún. Ní Georgia, Jésù á kọ́kọ́ jáde kúrò lórí ìlà ná, tàbí kó máa retí bóyá òṣìṣẹ́ ìbò á rántí gbé omi síbẹ̀.

Ṣé alágàbàgebè ni gbogbo wọn wá jẹ́ ni? Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe díjú tó, kó wo Jimmy Carter, ọmọ Plains, tó kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi títí ó fi lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ní 1966, ó du ipò gómìnà Georgia, ó ṣe ipò kẹta nínú ìbò abẹ́lé. Ẹni tó padà di gómìnà ni Lester Maddox, tó fi ìbọn lé àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò nílé oúnjẹ rẹ̀ ní Atlanta ní 1964, tó sì yàn láti ti ilé oúnjẹ náà pa dípò kó ta adìẹ díndín fún wọn. Maddox náà kì í fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣeré o. Ìbànújẹ́ ìfìdírẹmi yìí ló sọ Carter di àtúnbí. Ó gbé Bíbélì, ó wàásù láti ojúlé dé ojúlé títí dé Pennsylvania àti Massachusetts.

Ni 1970 bá dé. Carl Sanders, ẹni tó ti ṣe gómìnà rí, ni wọ́n jọ ń du ipò. Sanders ní ìpín nínú Atlanta Hawks, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ìwé pélébé kan bẹ̀rẹ̀ sí í kiri ìgbèríko: àwòrán Sanders láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n ń da ṣanpéènì lé e lórí níbi ayọ̀ ìṣẹ́gun. Àwòrán náà kò nílò àlàyé. Àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n há a fún mọ ohun tó ń sọ. Kò sí orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìpolongo Carter ni àwọn òpìtàn tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé. Carter fúnra rẹ̀ ṣèlérí pé òun á pe George Wallace ti Alabama, baba àwọn tí kò fẹ́ kí dúdú àti funfun jọ jókòó, wá sọ̀rọ̀ ní Georgia. Àtúnbí ni o! Omi ìrìbọmi kò dé ibi àpótí ìbò. Ó wọlé.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní 1971, bí wọ́n ti búra fún un, ó kọjú sí àwọn tó dìbò fún un, ó ní ìgbà ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ti kọjá. Ní 1974, ó gbé àwòrán King kọ́ sára ògiri ilé ìjọba. Ẹ̀ṣẹ̀ ló fi wọlé, ìgbàgbọ́ ló fi ṣèjọba. Ká má sì gbàgbé pé òfin ìgbà náà kò jẹ́ kí gómìnà dupò lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Ọkàn ẹni tí kò ní padà wá tọrọ ìbò a máa le.

Ṣùgbọ́n ní 1976, nígbà tó ń du ipò ààrẹ, tí ìbò ṣì wà níwájú rẹ̀, ó sọ fún Playboy, ìwé ìròyìn tí díákónì kì í jẹ́ ká rí lọ́wọ́ òun, pé òun ti fi ojú ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ wo ọ̀pọ̀ obìnrin, pé òun ti ṣe àgbèrè nínú ọkàn òun. Ìbò tí wọ́n rò pé ó ti bọ́ sápò bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Díẹ̀ ló kù kó fìdí rẹmi. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kọ́gbọ́n: Carter jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ká a mọ́, àwọn kì í jẹ́wọ́ èyí tí wọ́n ká wọn mọ́. Ní 1980, oníwàásù Jerry Falwell àti ẹgbẹ́ Moral Majority rẹ̀ kó ìbò àwọn àtúnbí lọ fún Ronald Reagan, òṣèré sinimá tí kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìwọ̀n tí mo fi ń wọn olóṣèlú onígbàgbọ́ rèé: ìbò mélòó ni ìgbàgbọ́ rẹ ti lé lọ? Èyí tí kò tíì lé ẹyọ kan lọ rí, aṣọ ìpolongo ni. Carter 1970 gba òdo. Carter 1976 yege. Ti Warnock ṣì wà lọ́wọ́ olùyẹ̀wò. Ní ìparí 2020, àwọn pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú kan kọ̀wé sí i pé kó tún inú rò lórí ẹ̀tọ́ oyún ṣíṣẹ́ tó ń gbè lẹ́yìn, kò sì yẹsẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí n tíì fún un ní máàkì ni pé ibi tó dúró sí yẹn, ibẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́ní sí.

Kí ará ilé má tíì rẹ́rìn-ín. Ní 2019, Pásítọ̀ Túndé Bákàrè sọ fún ìjọ rẹ̀ l'Ékòó pé òun ni yóò jẹ ààrẹ kẹrìndínlógún ní Nàìjíríà. Nígbà tí APC dìbò abẹ́lé l'Ábújá ní oṣù Kẹfà 2022, Bọ́lá Tinúbú rí 1,271, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tí òun náà jẹ́ pásítọ̀ ní Rídíìmù, rí 235, Bákàrè rí òdo. Òdo gbáko! Ó ní láti jẹ́ pé Ọlọ́run kò sí lára àwọn aṣojú tí wọ́n kó wá dìbò. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, nígbà tí wọ́n ń fi Kashim Shettima hàn gẹ́gẹ́ bí igbákejì Tinúbú, àwọn kan yọ nínú aṣọ bíṣọ́ọ̀bù láti wá yẹ́ ẹ sí. CAN, ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni Nàìjíríà, ní àwọn kò mọ̀ wọ́n rí. Nílé wa, bí ìgbàgbọ́ bá wọ́n, a máa ń háyà rẹ̀ ni.

Ní Atlanta níbí, àwa ọmọ Nàìjíríà náà ti di ẹni àkúnlẹ̀bọ. Ní 2022, Segun Adeyina, Solomon Adesanya àti Phil Olaleye wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Àwọn olóṣèlú ti wá mọ̀ pé a ń dìbò, wọ́n sì ti mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ̀yin náà ti rí wọn. Òyìnbó á wọlé ní agogo kan ọ̀sán, nígbà tí orin ìyìn bá ń lọ lọ́wọ́, nínú agbádá tí ẹnì kan yá a. Kò mọ ibi tí wọ́n ń ká apá rẹ̀ lé, ìyá ìjọ á bá a gbé e sí èjìká, á tún já bọ́. Wọ́n á fi í jókòó níwájú. Á pàtẹ́wọ́, pàtẹ́wọ́ rẹ̀ á máa lọ síbi kan, ìlù á máa lọ síbòmíràn. Á gba máíìkì, á ní "Ẹ káàárọ̀ o!" Ìjọ á hó yèè. Òfin ìjọba àpapọ̀ láti 1954 ní ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í san owó orí kò gbọdọ̀ polongo fún olùdíje, pásítọ̀ wa sì jẹ́ ẹni tó ń pa òfin mọ́: "Ẹ̀yin ará, n kò ní kí ẹ dìbò fún ẹnikẹ́ni o. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ẹni tí Olúwa gbé dìde." Lẹ́yìn náà, a ó gbọ́wọ́ lé e lórí, a ó sọ pé yóò wọlé ní orúkọ Jésù. Kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè ohun tó máa ṣe nípa ìwé ìgbélùú àwọn tó wà lórí ìjókòó lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbà míì tó bá dé, kí bàbá ìjọ kan dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, kó bi í pé: "Ọ̀gá, ẹ kú ìrìn. Kí ni ẹ ti ṣe rí nítorí Ọlọ́run tí àwọn olùdìbò yín fi bínú sí yín?" Bó bá ní èsì, ẹ gbàdúrà fún un, bó bá wù yín, ẹ dìbò fún un. Bí kò bá ní, ẹ bu ìrẹsì fún un, ẹ fi ẹran sí i, kẹ́ ẹ sì gba agbádá oní-agbádá lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó wọ mọ́tò.